Nẹ́dálándì àbí Dẹ́nmáàkì: ilẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun tí wọ́n ń fi ṣe ò jọra rárá

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tíì àti mílíìkì ní Ìbàdàn tàbí Èkó, Peak àti Dano máa ń wà lórí pẹpẹ kan náà, àwọn èèyàn á sì máa jiyàn lórí èyí tó dùn jù. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Nẹ́dálándì ni Peak ti ṣẹ̀ wá, Friesland tẹ́ ẹ rí nínú orúkọ FrieslandCampina yẹn, ìpínlẹ̀ kan ni níbẹ̀ tí màlúù kún fọ́fọ́. Dano ní tiẹ̀, ti Arla ni, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń fún wàrà ní Dẹ́nmáàkì àti Swídìn ló bí i. Orílẹ̀-èdè kékeré méjì rèé o, tí èèyàn lè fi mọ́tò la èyíkéyìí nínú wọn já láàárín wákàtí mélòó kan, síbẹ̀ oúnjẹ wọn dé ilé wa.

Àwọn tó fẹ́ lọ kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí tí wọ́n rí iṣẹ́ ní méjèèjì máa ń béèrè pé èwo ni káwọn mú, èsì tí wọ́n sì sábà máa ń gbà ni pé kò sí ìyàtọ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, òtútù ni, kẹ̀kẹ́ ni, ó parí. Irọ́ ni jàre. Ìyàtọ̀ wà, inú ilẹ̀ gan-an ló sì wà.

Ọ̀rọ̀ títóbi ná

Tẹ́ ẹ bá wá Dẹ́nmáàkì lórí Google, nígbà míì á gbé nọ́ńbà kan jáde tó ju mílíọ̀nù méjì sikúà kìlómítà lọ, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, Greenland ni wọ́n kà mọ́ ọn. Greenland wà lábẹ́ ọba Dẹ́nmáàkì lóòótọ́ àmọ́ yìnyín ló bo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣèjọba tara wọn. Nẹ́dálándì náà ní Aruba, Curaçao àtàwọn erékùṣù míì lọ́hùn-ún ní Caribbean. Gbogbo ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ wa, apá ti Yúróòpù nìkan là ń sọ.

Tilẹ̀tomi lápapọ̀: Nẹ́dálándì bíi 41,500 sikúà kìlómítà, Dẹ́nmáàkì bíi 43,000.
Ilẹ̀ gbígbẹ nìkan: Nẹ́dálándì bíi 33,500, Dẹ́nmáàkì ju 42,000 lọ.
Èèyàn: Nẹ́dálándì bíi mílíọ̀nù 18, Dẹ́nmáàkì bíi mílíọ̀nù 6.
Ilẹ̀ oko: Nẹ́dálándì bíi mílíọ̀nù 1.8 hẹ́kítà, Dẹ́nmáàkì bíi mílíọ̀nù 2.6.
Ibi tó ga jù: Nẹ́dálándì Vaalserberg, mítà 322, Dẹ́nmáàkì Møllehøj, mítà 171.

(Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí á kàn rẹ́rìn-ín sí ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni.)

Naijiria jẹ́ 923,768 sikúà kìlómítà, ìyẹn ni pé táwọn méjèèjì bá so ara wọn pọ̀, wọn ò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá wa. Ẹni tí hẹ́kítà ò bá yé, ó tó bíi plọ́ọ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà tí wọ́n ń gbà gé e l'Ékòó.

Ìlà kejì yẹn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Lójú máàpù àwọn méjèèjì dà bí ìbejì, àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún Nẹ́dálándì ló jẹ́ omi, Dẹ́nmáàkì ò sì ní irú omi bẹ́ẹ̀ nínú tiẹ̀, òkun ló yí i ká. Tẹ́ ẹ bá wá pín èèyàn sórí ilẹ̀ gbígbẹ, Nẹ́dálándì á gbé ju 500 èèyàn lọ sórí sikúà kìlómítà kan, Dẹ́nmáàkì á gbé bíi 140. Ibí yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ yòókù ti ń jáde wá, iye owó ilẹ̀ o, irú oko tí wọ́n ń dá o, ìjà tí wọ́n ń bá ìjọba jà o.

Nẹ́dálándì: ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi

Bí ìdá kan nínú mẹ́rin Nẹ́dálándì ló wà nísàlẹ̀ ojú òkun, mi ò ní létí òkun o, mo ní nísàlẹ̀. Pápákọ̀ òfúrufú Schiphol tí gbogbo wa ń gbà kọjá, ojú òkun fi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin ga ju ibi tí bàálù ń bà sí lọ. Adágún ńlá kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Haarlemmermeer, ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi fa omi ẹ̀ gbẹ nígbà tó fi máa di 1852. Kó tó dìgbà yẹn, ní 1612, wọ́n ti fi wíńdìmììlì lásán fa Beemster gbẹ.

Àmọ́ èyí tó ga jù ni ti Zuiderzee. Òkun ni, ó wọnú ilẹ̀ wá, ó sì máa ń ya wọlé àwọn èèyàn. Ẹnjiníà kan tó tún jẹ́ mínísítà, Cornelis Lely, ló fa àwòrán bí wọ́n ṣe máa ti ẹnu ẹ̀ pa, nígbà tó sì di 1932 wọ́n ti parí ògiri náà, Afsluitdijk, kìlómítà 32 láti èbúté dé èbúté, bí òkun ṣe di adágún nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí apá kọ̀ọ̀kan nínú adágún ọ̀hún ká, wọ́n ń fa omi ẹ̀ jáde, ọ̀kan gbẹ ní 1942, òmíì ní 1957, òmíì ní 1968, wọ́n wá kó o pọ̀ sọ ọ́ di ìpínlẹ̀ Flevoland ní 1986. Almere tó wà níbẹ̀ ti ní ju 200,000 èèyàn lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tó ń gbébẹ̀ ju ìlú náà lọ lọ́jọ́ orí. Tẹ́ ẹ bá dé Schokland nínú Flevoland, erékùṣù ni tẹ́lẹ̀, apẹja ló ń gbébẹ̀, ìjọba kó wọn kúrò ní 1859 torí omi fẹ́ gbé e lọ. Lónìí oko ló yí i ká, ẹ máa rí bèbè erékùṣù tó ga díẹ̀ báyìí, ẹ máa rí ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ẹ ò sì ní rí omi kankan. Àwọn àgbẹ̀ tó ń túlẹ̀ ládùúgbò yẹn ń hú ọkọ̀ ojú omi tó ti rì láti ayébáyé jáde nínú oko pòtétò.

Ilẹ̀ báyìí kì í ṣe èyí tí èèyàn á gbà tán kó lọ sùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fa omi jáde lójoojúmọ́. Lóru tó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1953, ìjì gbé òkun wọlé lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èèyàn 1,836 ló kú, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ògiri àti géètì ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Delta Works. Wọ́n tún ní ìjọba ọ̀tọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ omi nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀, waterschap, 21 ni wọ́n, wọ́n ń dìbò fún wọn, wọ́n sì ń gba owó orí tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gbébẹ̀, lẹ́tà owó yẹn máa wá bá yín nínú ilé tẹ́ ẹ rẹ́ńtì, ẹ má rò pé oníjìbìtì kan ló fẹ́ gbá yín.

Nítorí pé ilẹ̀ wọ́n bí ojú, wọ́n ń fún un bí ẹni ń fún ọsàn. Hẹ́kítà oko kan ti ju 80,000 yúrò lọ níbẹ̀, ó wà lára èyí tó wọ́n jù ní Yúróòpù, ti Dẹ́nmáàkì ò dé ìdajì ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ lówó báyìí ò lè gbin ọkà sí i kó máa wojú ọ̀run, ohun tó ń mówó wọlé ló máa gbìn: òdòdó, àlùbọ́sà, irúgbìn pòtétò tí wọ́n ń kó ta káàkiri ayé, àti tòmátì nínú ilé gíláàsì. Ilé gíláàsì yìí tó bíi 10,000 hẹ́kítà, tẹ́ ẹ bá gba Westland kọjá láàárín The Hague àti Rotterdam lóru, iná inú wọn á mú kí ojú ọ̀run pọ́n yòò. Wọ́n ń fẹ́ gáàsì káàbọ́nì sí ewéko nínú ẹ̀ kó lè yára dàgbà, omi òjò tí wọ́n gbẹ̀ lórí òrùlé ni wọ́n ń bù sí i, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹran wọn ló wá di wàhálà. Màlúù lé ní mílíọ̀nù 3.5, ẹlẹ́dẹ̀ bíi mílíọ̀nù 10, adìyẹ pọ̀ ju èèyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó kéré tán, gbogbo ẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ò tó nǹkan. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran tó bá pàdé máa ń tú amóníà, gáàsì tó ní náítírójìn nínú, sáfẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sínú igbó tí ìjọba dáàbò bò, ajílẹ̀ á wá pọ̀ jù fún àwọn ewéko tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ni wọ́n fẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2019, Raad van State, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́gi lé ètò tí wọ́n fi ń fún àwọn èèyàn ní ìwé àṣẹ lórí náítírójìn, bí oko, títì àti ilé tuntun ṣe dúró gbagidi nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ gbé katakata wọ The Hague, ìjọba dín eré orí títì márosẹ̀ kù sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀sán láti 2020 kí náítírójìn tó ń bá èéfín mọ́tò jáde lè dín díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè kọ́lé, nígbà tó sì di oṣù kẹta 2023 ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn àgbẹ̀, BBB, ló borí nínú ìbò ìpínlẹ̀. Èmi ò mọ orílẹ̀-èdè míì tí ìtọ̀ màlúù ti sọ iye eré tí mọ́tò máa sá.

Dẹ́nmáàkì: oko lọ bí ilẹ̀ bí ẹní

Ní Dẹ́nmáàkì, bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ló jẹ́ oko. Tẹ́ ẹ bá wọ réluwé láti Copenhagen lọ sí Aarhus, ẹ máa kọjá lórí afárá àti ihò ńlá abẹ́ òkun tó so erékùṣù Zealand mọ́ Funen (èyí tí mọ́tò ń gbà ṣí ní 1998), lẹ́yìn ìyẹn oko bálì, oko wíìtì, oko bálì ni o, àbà kan níbí, ṣọ́ọ̀ṣì funfun kan lọ́hùn-ún. Oko kan máa ń tó bíi 80 hẹ́kítà, ti Nẹ́dálándì ò ju bíi 35 lọ.

Ẹ má wá rò pé èèyàn ló ń jẹ ọkà yẹn. Ẹran ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, pàápàá ẹlẹ́dẹ̀, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn èèyàn ìlú. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí kì í ṣe ṣeréṣeré fún wọn o: nígbà tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n na wáyà bíi kìlómítà 70 sí gbogbo ẹnubodè wọn pẹ̀lú Jámánì kí ẹlẹ́dẹ̀ igbó má bàa rìn wọlé, wọ́n parí ẹ̀ nípárí 2019.

Àwọn náà ṣe ilẹ̀ o, ọ̀nà tiwọn ló yàtọ̀. Ní 1864 wọ́n ja ogun pẹ̀lú Prussia àti Austria, wọ́n fìdí rẹmi, wọ́n sì pàdánù ilẹ̀ méjì lápá gúúsù, Schleswig àti Holstein. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, Enrico Dalgas, sójà tó tún jẹ́ ẹni tó ń la títì, bá wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Hedeselskabet, iṣẹ́ wọn ni láti sọ aṣálẹ̀ olóyanrìn tó wà ní Jutland, apá Dẹ́nmáàkì tó so mọ́ Jámánì, di oko. Wọ́n gbin igi tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, wọ́n da ẹfun sílẹ̀, wọ́n gbẹ́ gọ́tà. Kó tó dìgbà náà wọ́n ti gé igbó wọn débi pé ní nǹkan bí 1800, kò ju ìdá méjì mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ lọ, òfin 1805 ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ igbó tó kù di oko mọ́. Lónìí ó ti padà tó bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Nẹ́dálándì bí ìdá mẹ́wàá.

Etí òkun wọn ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí ibi tó jìn ju bíi kìlómítà 52 lọ sí òkun ní gbogbo Dẹ́nmáàkì, òfin sì ni pé nígbèríko, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbi tí kò tó mítà 300 sí etíkun, ìyẹn ló jẹ́ kí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún tolówó tòtòṣì. Copenhagen pàápàá, wọ́n ṣètò ẹ̀ ní 1947 bí àtẹ́lẹwọ́, ìlú á gba ojú irin réluwé lọ bí ọmọ ìka márùn-ún, oko àti igbó á wà láàárín ìka sí ìka. Nẹ́dálándì náà ní irú ẹ̀, Amsterdam, Utrecht, Rotterdam àti The Hague yí ilẹ̀ oko kan ká tí wọ́n ń pè ní Groene Hart, àmọ́ ilé ń wọnú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dẹ́nmáàkì náà ń san gbèsè tiẹ̀. Ajílẹ̀ tó ń ṣàn láti oko wọn ń pa omi òkun létí ilẹ̀, ẹja ò rí afẹ́fẹ́ mí, débi pé ní 2024 àwọn èèyàn ṣe ìsìnkú fún odò òkun Vejle, wọ́n ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ bíi tèèyàn. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba, àwọn àgbẹ̀ àtàwọn tó ń gbèjà igbó jókòó, wọ́n fẹnu kò pé wọ́n á sọ 250,000 hẹ́kítà di igbó tó bá fi máa di 2045, àti pé láti 2030, àgbẹ̀ tó ní ẹran á máa san owó orí lórí èéfín tí ẹran ẹ̀ ń tú sáfẹ́fẹ́, kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ń gba irú ẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀: ní Nẹ́dálándì ilé ẹjọ́ ló fipá mú wọn, ní Dẹ́nmáàkì wọ́n jókòó sọ ọ́. Inú gbogbo àgbẹ̀ ò dùn sí i ṣá.

Ó ku èwo lẹ máa mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe màsítà. Tó bá jẹ́ irúgbìn, ilé gíláàsì, tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ ní fákítìrì, Wageningen ní Nẹ́dálándì ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ, ìlú kékeré ni, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, ìkún omi, gọ́tà ìlú ńlá, ẹ lọ Delft, ní Nẹ́dálándì náà, IHE tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nípa omi wà níbẹ̀, láti 1957 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà láti ìlú tó ń gòkè bíi tiwa. Tó bá jẹ́ ẹran, oúnjẹ ẹran, ilẹ̀ àti igbó ni, ẹ wo Yunifásítì Copenhagen, tó gba ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ àti dókítà ẹran mọ́ra ní 2007, tàbí Aarhus, tó ní ibùdó ìwádìí ńlá sí Foulum nítòsí Viborg. Ẹni tí kì í ṣe ará EU ń san owó gidi níbi méjèèjì, ẹ wá sikọ́láṣíìpù kẹ́ ẹ tó wá aṣọ òtútù.

Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ṣiṣẹ́ oko, ẹ mọ̀ pé àwọn ará Poland àti Romania ló pọ̀ nínú ilé gíláàsì Nẹ́dálándì, wọn ò nílò fisa, ẹ̀yin nílò ẹ̀. Dẹ́nmáàkì ní ìwé àṣẹ kan fún ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé, pé kó wá ṣe IT lóko wọn. Èjẹ́ǹtì tó bá ní òun máa gbà á fún ẹni tí ò ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rí, ẹ sá fún un.

Ti ilé gbígbé, Dẹ́nmáàkì rọrùn ju Nẹ́dálándì lọ tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Copenhagen. Ní Nẹ́dálándì wọn ò rílé, ọmọ ilé ìwé míì á ti forúkọ sílẹ̀ tán ní yunifásítì, kò ní ríbi sùn. Àmọ́ Nẹ́dálándì ló dáa jù fún ẹni tí ò ní mọ́tò, réluwé ń lọ ó ń bọ̀, kò sí ibi tó jìn. Inú Jutland lọ́hùn-ún bọ́ọ̀sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí, owó orí tí Dẹ́nmáàkì sì ń gbà lórí mọ́tò tuntun, ẹ máa kọ háà.

Àwọn tó fẹ́ kọ́ ọgbọ́n wá sílé, mo gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé ilé gíláàsì Nẹ́dálándì làwọn fẹ́ kọ́ sí Ògùn tàbí Ọ̀yọ́. Òtútù àti ilẹ̀ tó wọ́n ló bí ilé yẹn, ooru ni ìṣòro tiwa, ilé gíláàsì gidi á se tòmátì yín jinná lórí igi. Ohun tí mo máa jí wá ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì fi ń ta wàrà: ní 1882, ní abúlé Hjedding, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké kó wàrà wọn pọ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ kan, wọ́n jọ ń ṣe bọ́tà, ẹni tó ní màlúù méjì àtẹni tó ní ogún ń gba iye kan náà lórí jálá kan. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó dara pọ̀ dara pọ̀ ló di Arla.

Ẹni tó bá kówó dání tó fẹ́ ra ilẹ̀ ńkọ́? Nẹ́dálándì ò bi yín pé ọmọ ìlú wo ni yín, owó yín ni wọ́n fẹ́ rí. Dẹ́nmáàkì ò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í gbébẹ̀ tí kò sì tíì gbébẹ̀ fún ọdún márùn-ún rí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó ra ilé tàbí ilẹ̀, ilé ìsinmi etíkun ni wọ́n sì máa ń le lé lórí jù. Torí náà tí ẹnì kan bá ń polówó ilé etíkun Dẹ́nmáàkì fún yín lórí WhatsApp, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ yẹn hàn yín.